Àròkọ Aṣàlàyé: Ìkòkò tí Ń Bomi Rin Irúgbìn Fúnra Rẹ̀

Àròkọ aṣàlàyé ni èyí tí a fi ń la bí nǹkan ṣe rí, tàbí bí a ṣe ń ṣe é, yé ẹlòmíràn. Kì í ṣe ìtàn, kì í sì í ṣe àríyànjiyàn. Fi sọ́kàn pé ẹni tí ó ka iṣẹ́ rẹ lè gbé e, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí o sọ. Bí o bá fo ìgbésẹ̀ kan, òun ni yóò jìyà rẹ̀. Nítorí náà, nígbàkígbà tí o bá sọ pé kí a ṣe nǹkan báyìí, sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú.

Orí-ọ̀rọ̀: Ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe ìkòkò tí ń bomi rin irúgbìn fúnra rẹ̀, àti bí a ṣe lè mú un sunwọ̀n sí i.

Ìlapa èrò:
(a) Ìfáàrà: ìṣòro omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn
(b) Bí ìkòkò náà ṣe ń ṣiṣẹ́
(d) Bí a ṣe ń ṣe é
(e) Àbùkù rẹ̀ àti àtúnṣe
(ẹ) Ti ẹ̀ka tí a gé
(f) Ìkádìí

Àpẹẹrẹ

Ní Ọ̀bà-Àkókó, bí ọyẹ́ bá ti dé, ilẹ̀ a gbẹ, odò kéékèèké a sì fà. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí ni ẹni tí ó fẹ́ lọ́ ata àti tòmátì nígbà àkọ́rọ̀ òjò gbọ́dọ̀ ti máa tọ́jú irúgbìn wọn nílé. Bí ìyá bá lọ sí ọjà Ìkàrẹ́ láàárọ̀, tí àwọn ọmọ sì lọ sí ilé-ìwé, ta ni yóò bomi rin ín? Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, irúgbìn ti lè rọ.

Gbogbo wa ni a mọ àmù. Bí a bá pọn omi sínú rẹ̀, ara rẹ̀ a máa làágùn, ilẹ̀ ìdí rẹ̀ a sì máa tutù. Kì í ṣe pé ó jò. Ihò tíntìntín tí ojú kò lè rí ni ó wà lára amọ̀ tí a sun, ibẹ̀ sì ni omi ń gbà yọ díẹ̀díẹ̀. Bí iyẹ̀pẹ̀ tí ó yí ìkòkò ká bá gbẹ, yóò fa omi púpọ̀. Bí ó bá ti tutù tó, omi kò ní yọ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọgbọ́n yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó lé ní 2,000 ọdún tí Fan Shengzhi ti kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ní Nàìjíríà níbí, olùkọ́ kan láti Jígáwá, Mohammed Bah Abba, ki ìkòkò kékeré bọ inú ńlá ní 1995, ó sì fi iyanrìn tútù sí àárín wọn kí ẹ̀fọ́ inú rẹ̀ má baà tètè bàjẹ́. Ó gba ẹ̀bùn Rolex lórí rẹ̀ ní ọdún 2000. Ìkòkò méjì náà ni àwa yóò lò, ṣùgbọ́n omi ni a óò bù sínú kékeré, a óò sì gbin irúgbìn sí àárín méjèèjì.

A óò wá ìkòkò ńlá kan tí ó ní ihò nídìí, àti kékeré kan tí kò ní ihò rárá. Irú ìkòkò amọ̀ tí àwọn obìnrin ń mọ ní Ìsàn-Èkìtì àti ní Dàda, Ìlọrin, dára fún un. A óò da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìdí ìkòkò ńlá, a óò gbé kékeré sí àárín, a óò sì fi iyẹ̀pẹ̀ dúdú tí a pò mọ́ iyanrìn kún àyíká rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, a óò gbin irúgbìn sí iyẹ̀pẹ̀ náà, a óò pọn omi kún ìkòkò kékeré, a óò sì fi ọmọrí dé e. Títí irúgbìn yóò fi hù, a óò máa wọ́n omi díẹ̀ sí i láti òkè, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì gùn tó ibi tí omi wà.

Ìkòkò yìí ní àbùkù tirẹ̀. Èkíní, bí a bá kun ìkòkò kékeré ní ọ̀dà, omi kò ní rí ọ̀nà jáde. Kí a tó lò ó, kí a pọn omi sí i mọ́jú. Bí ara rẹ̀ kò bá tutù lówùúrọ̀, kí a wá òmíràn. Èkejì, bí ìkòkò ńlá kò bá ní ihò, òjò kan ṣoṣo lè mu irúgbìn yó débi pé gbòǹgbò rẹ̀ yóò rà. Ẹ̀kẹta, omi tí a kò dé yóò di ilé ẹ̀fọn. Ẹ̀kẹrin, bí ó bá pẹ́, ìdọ̀tí yóò dí ihò ara amọ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá ti kó irúgbìn kúrò, kí a fi kànhìnkànhìn fọ ìkòkò kékeré nínú àti lóde.

Ẹ̀ka tí a gé, bí i ti ewúro, kò ní gbòǹgbò tí yóò fi mu omi. Iyanrìn nìkan ni kí a lò fún un, nítorí kì í gba omi dúró jù. Kí a fi ọ̀rá tí ó mọ́ gaara bò ó, kí ewé má baà gbẹ, kí a sì gbé e sí abẹ́ ibòji. Bí a bá fà á jẹ́jẹ́ tí kò sì tú, ó ti ta gbòǹgbò. Kí a wá máa ṣí ọ̀rá náà díẹ̀díẹ̀.

Bí a bá ṣe gbogbo èyí, ìyá tí ó lọ ná ọjà Ìkàrẹ́ yóò bá irúgbìn rẹ̀ lórí ìdúró nígbà tí ó bá dé.

Àkíyèsí

Wo ihò ìdí ìkòkò ńlá. Ká ní a sọ pé kí ó wà, tí a kò sọ ìdí rẹ̀, ẹni tí kò rí ìkòkò oníhò rà yóò rò pé kò ṣe nǹkan kan, irúgbìn rẹ̀ yóò sì rà. Wo ìkádìí náà pẹ̀lú: ó padà sọ́dọ̀ ìyá tí a fi bẹ̀rẹ̀. Má ṣe kó òwe jọ láti fi dí àyè ìmọ̀ tí o kò ní.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ṣàlàyé bí a ṣe ń tọ́jú irúgbìn kòkó kí a tó lọ́ ọ sí oko.
2. Mú ohun èlò kan nínú ilé yín. Ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, àbùkù rẹ̀, àti àtúnṣe tí o lè ṣe sí i.