Irin tó ń yọ́ nínú ara

Ìbéèrè: Olóòtú, ọ̀kadà gbá ọmọ mi ní Bẹẹrẹ, wọ́n sì fi irin to eegun itan rẹ̀. Mo gbọ́ pé irin kan wà tó máa ń yọ́ fúnra rẹ̀ nínú ara. Ṣé wọn ò lè fi pààrọ̀ tirẹ̀? (Ìyá ọlọ́mọ, Bẹ́yẹrúnkà)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá wa. Ọlọ́run á wò ó sàn.

Òótọ́ lẹ gbọ́. Magnesium ni wọ́n ń pè é. Ó wà nínú eegun wa tẹ́lẹ̀, ó wà nínú ẹ̀wà tí ẹ fi ń se gbẹ̀gìrì. Omi ara ló ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí eegun ṣe ń jinná, wọn ò sì ní í tún ẹsẹ̀ là láti yọ ọ́. Àmọ́ bó ṣe ń yọ́ ló ń tú gáàsì sílẹ̀. Lọ́dún 1907, dókítà ará Bẹ́ljíọ̀mù, Albin Lambotte, fi í to eegun ẹsẹ̀. Láàárín ọjọ́ 8 ó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, gáàsì sì kún abẹ́ awọ. Àwọn onímọ̀ ti wá po nǹkan mìíràn mọ́ ọn kó má tètè yọ́. Láti 2013 ni súkúrù rẹ̀ ti gbàṣẹ ní Yúróòpù, ṣùgbọ́n eegun kéékèèké ló wà fún. Itan ló ń ru ara. Agbára magnesium kò tíì ká a.

Ẹ jẹ́ kí irin tó wà níbẹ̀ máa ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bóyá wọn á yọ ọ́ lọ́jọ́ iwájú, ẹ bi dókítà tó to ó. Bí ojú àpá bá ń wú, tó ń ṣọyún, tí ibà mú un, tàbí tí ìrora tuntun bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ ra á. Ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu tàbí UCH, n'Ìbàdàn, lọ́jọ́ náà gan-an.