Ta Ni Wọ́n Fẹ́ Tà Á Fún?

Burslem jẹ́ ìlú àwọn amọ̀kòkò ní Staffordshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ọdún 1818, ilé iṣẹ́ Enoch Wood àti àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe àwo tánganran kan jáde níbẹ̀. Àwọ̀ aró tó kì gan-an ni wọ́n fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Láàárín rẹ̀, àwọn ọkọ̀ ogun ń yìnbọn lura wọn, èéfín ń rú. Ìkarahun òkun ló yí etí rẹ̀ ká. Àkọlé rẹ̀ sọ pé ìṣẹ́gun Ọ̀gágun Macdonough ni. Ìjà tó ń sọ wáyé lórí adágún Champlain lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1814. Níbẹ̀ ni Macdonough àti àwọn ará Amẹ́ríkà ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lu ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì bolẹ̀, tí George Downie, ọ̀gá àwọn Gẹ̀ẹ́sì, sì kú sẹ́nu ìjà.

Ẹ tún un rò wò. Gẹ̀ẹ́sì ló po amọ̀ rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló sun ún níná, ìyà tó jẹ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi àwo náà ṣàjọyọ̀. Ẹ má pè é ní ọ̀tẹ̀, ọjà ni. Wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní Ghent lọ́jọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1814, ọkọ̀ ẹrù tún ti ń ná ọ̀nà Amẹ́ríkà, àwọn ará ibẹ̀ sì fẹ́ràn àwo aláwọ̀ aró bí nǹkan míì. Wọn ò tilẹ̀ fara balẹ̀ kọ orúkọ akọni náà bó ṣe yẹ: 'n' méjì ni wọ́n fi síbi tí ẹyọ kan ti tó. Ṣùgbọ́n wọ́n rántí tẹ òǹtẹ̀ ẹyẹ idì, àmì Amẹ́ríkà, sẹ́yìn àwọn kan lára àwo tí wọ́n ń kó lọ síbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá mú àwo ìṣẹ́gun dání, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé ta ni wọ́n fẹ́ tà á fún. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣẹ́gun lè dúró díẹ̀.

Òwò yìí ti wà tipẹ́ kó tó kan Macdonough. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1739, Edward Vernon, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, fi ọkọ̀ mẹ́fà péré gba Porto Bello, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Panama lónìí, lọ́wọ́ àwọn Sípéènì. Inú àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù dùn dé ẹ̀yìn. Ife jáde, abọ́ jáde, orúkọ Vernon àti ọkọ̀ mẹ́fà rẹ̀ wà lára wọn. Nígbà tó di 1741, ó kọjú sí Cartagena, ìlú míì tó wà lọ́wọ́ àwọn Sípéènì. Àwọn tó ń ṣe mẹ́dàlì ò dúró gbọ́ àbọ̀: wọ́n ti ya Blas de Lezo, ọ̀gágun Sípéènì, níbi tó ti kúnlẹ̀ níwájú Vernon. Vernon pàdánù ogun náà, Lezo ò sì kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mẹ́dàlì ọ̀hún ṣì wà dòní o! Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa rántí rẹ̀ bó bá fẹ́ gba àkọlé ara àwo gbọ́ bí ìwé ìtàn.

Ohun tó jẹ́ kí owó tálákà ká àwọn àwo wọ̀nyí ni títẹ àwòrán. Ní Liverpool, lọ́jọ́ 27 oṣù Keje ọdún 1756, John Sadler àti Guy Green tẹ àwòrán sára táìlì tó lé ní 1,200 láàárín wákàtí mẹ́fà, wọ́n sì búra sí i níwájú òfin. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe irú ti Macdonough: wọ́n á fín àwòrán sára bàbà pẹlẹbẹ, wọ́n á gbé e sórí iná díẹ̀, wọ́n á fi yíǹkì tí wọ́n fi òróró àti kóbáàtì pò kún ojú fífín náà. Wọ́n á tẹ bẹbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, wọ́n á ká bẹbà ọ̀hún sára àwo tó ti wọ iná lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì líle nù ún mọ́ ọn dáadáa. Omi ni wọ́n fi ń ṣí bẹbà kúrò; àwòrán á dúró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ri àwo sínú oje tí iná ń sọ di dígí, tí wọ́n á tún sun ún.

Ọ̀tọ̀ ni bẹbà àárín, ọ̀tọ̀ ni ti etí. Etí àwo rí roboto, bẹbà tí wọ́n gé sì gbọ́dọ̀ pàdé níbì kan. Bí ẹ bá fara balẹ̀ yí àwo náà lọ́wọ́, ẹ lè rí ibi tí ìkarahun kan ti gé lágbedeméjì, tí èyí tó tẹ̀ lé e ò bá a mu. Ẹ má kà á sí àbùkù. Ibi tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ ti hàn nìyẹn, ó sì wà lára ohun tó dùn mọ́ mi jù.

Ìgbà Nelson, ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, ni òwò náà búrẹ́kẹ́. Ó borí ní Trafalgar lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 1805, ó sì kú sójú ogun kan náà. Ìròyìn ò dé Lọ́ńdọ̀nù títí di ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá. Ayọ̀ àti ọ̀fọ̀ jọ wọlé pọ̀ ni. Bí ife àti ike tí fọ́tò olóògbé wà lára wọn ṣe ń kún ilé lẹ́yìn òkú àgbà lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni jọ́ọ̀gì Nelson ṣe kún ilé wọn, àfi pé wọn ò pín in lọ́fẹ̀ẹ́. Lára àwọn jọ́ọ̀gì kan, ojú Nelson wà níhà kan. Ní ìhà kejì, bí àwọn ọkọ̀ ṣe tò lójú òkun ni wọ́n yà: Gẹ̀ẹ́sì ń bọ̀ ní ọ̀wọ́ méjì láti gé ìlà ọkọ̀ Faransé àti Sípéènì. Ìhà kejì yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹni tó bá ń mu ọtí lè fi ìka tọ́ka síbi tí ìjà ti le. Ti olówó yàtọ̀ o: Nelson fúnra rẹ̀ ya ilé iṣẹ́ Chamberlain ní Worcester lọ́dún 1802, ó ní kí wọ́n ṣe àwo oúnjẹ lódindi fún òun. Ti oúnjẹ àárọ̀ nìkan ni wọ́n rí ṣe parí kó tó kú.

Àwòrán dúdú ara ọ̀pọ̀ jọ́ọ̀gì Nelson kò sí lábẹ́ oje dígí bíi ti Macdonough. Orí rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí. Bí ẹ bá rọra fi ìka rá a, ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n, ibi tí wọ́n sì ti ń fọ̀ jù á ti máa ṣí. Ẹ wá dojú rẹ̀ bolẹ̀. Bí ẹ bá rí 'ENGLAND' nídìí rẹ̀, ẹ rọra. Òfin owó ẹrù Amẹ́ríkà ló mú kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ilẹ̀ báyẹn sára ọjà láti ọdún 1891, nítorí náà kò lè jẹ́ ti 1805, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á búra tó. Ó lè jẹ́ ti 1905, nígbà tí ogun Trafalgar pé 100 ọdún, tí ilé iṣẹ́ Doulton tún ṣe jọ́ọ̀gì Nelson. Ìyẹn náà lówó lórí, ṣùgbọ́n owó tirẹ̀ ni kí ẹ san.