Ọkọ̀ Tó Ń Gbọ̀n, Ibo Ló Ti Bẹ̀rẹ̀?

A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń ṣe gan-an nìyẹn bí ọkọ̀ wọn bá ti ń gbọ̀n. Wọ́n á ní síìtì ẹ́ńjìnnì, ìyẹn rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, ni, wọ́n á sáré lọ ra tòkunbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀, wọ́n á dè é, ọkọ̀ á tún máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú.

Ìgbà wo ló ń gbọ̀n? Bó bá jẹ́ orí eré nìkan ni, bíi kìlómítà 80 sí 100 ní wákàtí kan, tí sitiárìn ń jó lọ́wọ́ yín, àwọn oníbálánsì táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wá lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ lórí ìdúró, nínú gosiló, ọ̀rọ̀ kan ẹ́ńjìnnì. Sílíńdà 4 ló wà nínú ọ̀pọ̀ Corolla. Bí iná kò bá mú epo inú ọ̀kan, mẹ́ta yòókù ò ní lè dúró jẹ́ẹ́. Ó lè jẹ́ pọ́lọ́ọ̀gì tó ti jẹ, kọ́ìlì tó ń kú lọ, nọ́súlù tó dí, tàbí rọ́bà tó là tí atẹ́gùn ń gbabẹ̀ wọlé. Bí iná check engine bá sì ń ṣẹ́jú, ẹ má wà á jìnnà o: epo tí kò jó ń lọ ba katalísítì jẹ́.

Ká ní wọ́n sìkáànì rẹ̀, kóòdù P0302 jáde: sílíńdà kejì nìyẹn. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan bá ní kọ́ìlì tirẹ̀, ẹ ní kí wọ́n pa ọkọ̀, kí wọ́n gbé kọ́ìlì kejì sórí ẹ̀kẹta, ti ẹ̀kẹta sórí èkejì, kí wọ́n nu kóòdù, kí wọ́n wà á díẹ̀. Bó bá di P0303, kọ́ìlì ló jẹ̀bi. Bí P0302 ò bá yẹ̀, ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì wò, kí ẹ tó kan nọ́súlù. Mẹkáníìkì tó bá yarí pé òun ò ní ṣe èyí, tèmi ni pé owó páàtì ló ń wù ú.

Ìgbà yìí la tó lè fẹ̀sùn kan síìtì. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ dáadáa, kó máa ti D bọ́ sí R. Ẹni tó ń wò ó, ẹ̀gbẹ́ ni kó dúró sí, kì í ṣe iwájú. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń fò sókè, tó ń dún gbì, síìtì ti já. Òmíràn ní òróró nínú. Bó bá ti jò tán, ó parí. Ẹ ra tuntun bí agbára bá ká a, torí rọ́bà tòkunbọ̀ ti gbó kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Kí ẹ sì yẹ àwọn tó kù wò lọ́jọ́ kan náà, nítorí èyí tó já ti di ẹrù tirẹ̀ lé wọn lórí.