Ojú ni Alákàn Fi Ń Ṣọ́rí: Ìmọ̀ràn fún Nọ́ọ̀sì LVN Nílé Àgbàlagbà

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe náà kò tíì yẹ̀, ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, ọmọ lè wà ní California kí ìyá wà ní Houston. Ọmọ ẹlòmíràn ń ṣiṣẹ́ méjì pọ̀, kì í sí nílé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ti ẹlòmíràn ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Àìsàn mìíràn sì wà tí agbára ilé nìkan ò ká. Báyìí ni àgbàlagbà ṣe ń dé ilé ìtọ́jú, tí ọmọ ọlọ́mọ ń wẹ̀ wọ́n, tó ń bọ́ wọn, tó sì ń fún wọn lóògùn lásìkò.

Ní Houston àti àwọn ìlú tó yí i ká, ẹni tó bá wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ lóru kò ní pẹ́ gbọ́ "ẹ kú iṣẹ́" lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́. Ẹlòmíràn nínú wọn ti jẹ́ olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ báńkì nílé kó tó rìnrìn àjò. Ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí CNA, olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó fi owó rẹ̀ kàwé, ó di LVN, nọ́ọ̀sì tó ní ìwé àṣẹ. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ọ̀nà yìí sì dára. Àwọn tó wà lórí rẹ̀, àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò ó, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Texas àti California nìkan ló ń lo orúkọ LVN; LPN ni àwọn ìpínlẹ̀ yòókù ń pè é. Ní Texas, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ní wákàtí 1,398 ó kéré tán: 558 nínú kíláàsì, 840 lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ aláìsàn. California ń béèrè 1,530. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdánwò NCLEX-PN. Ẹni tó bá gbájú mọ́ ọn lè parí ẹ̀kọ́ náà láàárín bí ọdún kan, ìdí sì nìyí tí ẹni tó lọ́mọ láti tọ́ tàbí tó ń fowó ránṣẹ́ sílé fi ń yàn án. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò ìjọba àpapọ̀ ní oṣù Karùn-ún 2023, ìdajì àwọn LVN àti LPN ń gbà ju 59,730 dọ́là lọ lọ́dún, ìdajì ò sì tó bẹ́ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ẹ̀bùrú o. Ní oṣù Kìíní 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde ẹ̀sùn lórí ènìyàn 25 pé wọ́n ń lọ́wọ́ nínú títa ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì ayédèrú. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó jáde láti ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta ní gúúsù Florida lé ní 7,600. Àwọn kan lára àwọn tó rà á yege ìdánwò, wọ́n sì wọṣẹ́. Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ò lè fi hàn bóyá ọwọ́ ènìyàn mọ bí a ti ń yí àgbàlagbà tí kò lè gbé ara rẹ̀ padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Wákàtí 840 yẹn ni ọwọ́ fi ń mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ òru ni gbogbo rẹ̀ dé sí. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1987 láti tún àwọn ilé yìí ṣe fẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó ní ìwé àṣẹ wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́jọ péré lójúmọ́ ló fi dandan lé pé kí RN, nọ́ọ̀sì tó kàwé ju LVN lọ, wà. Ní oṣù Kẹrin 2024, ìjọba pàṣẹ pé kí RN máa wà níbẹ̀ fún wákàtí 24. Nígbà tó di oṣù Kẹrin 2025, ilé ẹjọ́ àpapọ̀ kan ní Texas fagi lé e. Nítorí náà, bí aago mọ́kànlá alẹ́ bá lù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé LVN ni ọ̀gá nínú ilé. Dókítà ti sùn. RN wà lórí fóònù. Àgbàlagbà tó lè tó ọgbọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà lọ́wọ́ òun àti àwọn CNA díẹ̀.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ohun tí LVN tó mọṣẹ́ fi ń gba ẹ̀mí là nìyẹn: ojú tó ń rí ìyàtọ̀ kékeré kó tó di ńlá, àti ẹnu tó ń sọ ọ́ kíákíá fún ẹni tó lè ṣe nǹkan sí i.

Ká mú ìyá àgbàlagbà kan tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Alaalẹ́ ló máa ń béèrè àwọn ọmọ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Lóru yìí, kò béèrè. Ó ń fọwọ́ wá nǹkan lórí bẹ́ẹ̀dì, ara rẹ̀ tutù, òógùn sì bo iwájú orí rẹ̀. CNA ló kọ́kọ́ rí i: "Àǹtí, màmá yàrá kejìlá ò ṣe bíi tiwọn o." Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀. CNA ló ń wẹ̀ fún ìyá, òun ló ń wọṣọ fún un, ó sì sábà máa ń mọ ìyípadà ara rẹ̀ ṣáájú ẹnikẹ́ni. LVN tó bá dáhùn pé arúgbó kúkú ń ṣàrán lè pàdánù ẹ̀mí ìyá lóru náà. Èyí tó gbọ́n á dìde, á gún ìka ìyá, á wo ṣúgà rẹ̀: 48. Bí kò bá ti tó 70, ó ti lọ sílẹ̀ jù. Á wò ó bóyá ìyá lè gbé nǹkan mì. Bó bá lè gbé e mì, á fún un ní ìdajì ife omi ọsàn, tó ní ṣúgà bíi gíráàmù 15, á dúró fún ìṣẹ́jú 15, á tún gún un wò. Bí kò bá lè gbé e mì, nǹkan kan ò gbọdọ̀ gba ẹnu rẹ̀ wọlé. Oògùn glucagon tí dókítà ti kọ sílẹ̀ ni yóò lò, yóò sì pe 911.

Ara àgbàlagbà kì í pariwo. Àrùn ilé ìtọ̀ lè dé láìsí ibà, kó jẹ́ pé ọkàn tó dàrú lójijì nìkan ni àmì rẹ̀. Òtútù àyà lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé bàbá kàn ń sá fún oúnjẹ. Àrùn ìgbàgbé máa ń rọra wọlé fún oṣù àti ọdún. Èyí tó bá dé láàárín alẹ́ kan, nǹkan mìíràn ló ń fà á, ó sì yẹ kí wọ́n wá a rí kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ibi tí ẹ̀kọ́ ilé Yorùbá ti lè dí nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ni fóònù. Wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé a kì í jí àgbà lójú oorun, pé kíkí ló ń ṣáájú ọ̀rọ̀. Bó bá wá pe dókítà láàárín òru, á bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀: ẹ má bínú sà, mo mọ̀ pé ẹ ti sùn, kò kúkú tó nǹkan. Dókítà gbọ́ pé kò tó nǹkan, ó padà sùn. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kò gùn: "Dókítà, ẹ kú òru. Èmi ni LVN tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá ẹni ọdún 84 ni, ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe wọ́n. Ṣúgà wọn jẹ́ 48 láago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo fún wọn lómi ọsàn, ó ti di 82. Wọ́n gba ínsúlínì lálẹ́, wọn ò sì jẹun. Kí ni kí n ṣe sí ti àárọ̀?" Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, á ka àṣẹ dókítà padà sí i létí, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aago. Dókítà tó bá kanra, oorun ló ń kanra. Kò sí ìwà àìlọ́wọ̀ kankan nínú pé nọ́ọ̀sì jí i nítorí aláìsàn rẹ̀.

Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ta ló wá rán nọ́ọ̀sì níṣẹ́ lójú òfin Texas? Nínú ẹjọ́ nọ́ọ̀sì Lunsford tí wọ́n dá ní 1983, ọkùnrin kan tí àyà ń dùn dé ilé ìwòsàn kan ní gúúsù ìpínlẹ̀ náà. Dókítà ní kí nọ́ọ̀sì darí rẹ̀ sí ilé ìwòsàn mìíràn tó jìn ju ogún máìlì lọ, nọ́ọ̀sì ṣe bẹ́ẹ̀, ọkùnrin náà sì kú lójú ọ̀nà. Àjọ nọ́ọ̀sì dá ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì náà dúró fún ọdún kan, ilé ẹjọ́ sì gbè wọ́n lẹ́yìn: àṣẹ dókítà tàbí ti ọ̀gá ilé ò lè gba ojúṣe sí aláìsàn kúrò lọ́rùn nọ́ọ̀sì. RN ni ẹni náà, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ló de LVN.

Òfin kan náà tó gbé ẹrù lé nọ́ọ̀sì lórí fún un ní ààbò tí wọ́n ń pè ní Safe Harbor. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé iṣẹ́ tó lè fi aláìsàn sínú ewu lé e lọ́wọ́, bíi kí òun nìkan mú ìpín ènìyàn méjì nítorí pé ẹnìkan ò wá, ó lè kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun ń béèrè Safe Harbor. Kó tó gba iṣẹ́ náà ni, tàbí nígbà tí nǹkan bá yí padà lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá ti fi òótọ́ inú ṣe é, wọn ò gbọdọ̀ gbẹ̀san lára rẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò sì yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Kò fún un láyè láti fi àwọn àgbàlagbà sílẹ̀ kó máa lọ sílé. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà lórí ìkànnì àjọ nọ́ọ̀sì Texas. Ó yẹ kó ti wà nínú báàgì LVN kó tó di ọjọ́ tó máa nílò rẹ̀.

Ààlà wà pẹ̀lú. LVN ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àbójútó RN, dókítà àti irú wọn. Ó lè fúnni lóògùn, ó lè gún abẹ́rẹ́ ínsúlínì, ó lè wẹ egbò, ó sì lè yẹ ohun tó ń ṣe aláìsàn lọ́wọ́lọ́wọ́ wò. Àyẹ̀wò kíkún jẹ́ ti RN. Ní Texas, LVN kò ní àṣẹ láti kéde pé ènìyàn ti kú. Bó bá bá àgbàlagbà tí kò mí mọ́, tí kò sì sí DNR (àṣẹ pé kí wọ́n má gbìyànjú láti jí i), yóò bẹ̀rẹ̀ CPR, ìyẹn títẹ àyà rẹ̀. Nítorí náà, kó tó gba kọ́kọ́rọ́ àpótí oògùn lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ, ó gbọ́dọ̀ ti mọ ẹni tó ní DNR àti ẹni tí kò ní.

Kọ́kọ́rọ́ yẹn náà ní ẹrù tirẹ̀. Abẹ́ àgádágodo méjì ni oògùn ìrora líle ń gbé, nọ́ọ̀sì tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ sì gbọ́dọ̀ jọ kà á ní hóró kọ̀ọ̀kan. Bí ìwé bá sọ 23, tí páálí ní 22, ẹni tó bá fọwọ́ sí i ti gbé ẹrù ẹlẹ́rù. Kó má gbà á títí ọ̀gá yóò fi gbọ́. Ní ti pípín oògùn, òfin àpapọ̀ ò fẹ́ kí àṣìṣe nílé kan tó 5 nínú 100, ṣùgbọ́n ó máa ń wu ẹni tó ti pẹ́ pé kó to oògùn gbogbo yàrá sínú ife lẹ́ẹ̀kan, kó sì fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀ ṣáájú. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn. Ẹnìkan, oògùn tirẹ̀, ìfọwọ́sí. Lẹ́yìn náà ló kan ẹlòmíràn.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Bàbá kan tí ìgbàgbé ń ṣe dìde nírọ̀lẹ́, ó ní òun fẹ́ lọ mú ọmọ òun nílé ẹ̀kọ́. Ọmọ náà ti di ẹni ọgọ́ta ọdún. Ẹni tó bá bá a jiyàn yóò dá ìjà sílẹ̀. Ẹni tó bá bi í ní orúkọ ọmọ náà, tó bá a rìn dé òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó sì béèrè bóyá ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n, yóò mú un padà wá jókòó. Òfin 1987 ò fàyè gbà kí wọ́n dè é mọ́ àga tàbí fún un lóògùn oorun kí iṣẹ́ lè rọrùn. Bí CNA tàbí ẹlòmíràn bá sì na àgbàlagbà, tàbí tí wọ́n fura sí i, wákàtí méjì péré ni òfin fún ilé náà láti fi tó àwọn aláṣẹ létí. Ká sọ pé ọmọ ìlú ẹni ni ẹni tó ṣe é ńkọ́? Wákàtí méjì náà ni.

Nǹkan kan wà tí ọmọ Yorùbá gbọ́dọ̀ tún kọ́ lórí ọ̀wọ̀. Kò lè pe àgbà lórúkọ, nítorí náà "Mama" àti "Papa" ló máa ń bọ́ sí i lẹ́nu. Ìyá tó fi ogójì ọdún ṣe olùkọ́ lè fẹ́ kí wọ́n pe òun ní Mrs. pẹ̀lú orúkọ ìdílé rẹ̀. Bàbá tó wà ní yàrá kejì lè fẹ́ orúkọ àbísọ rẹ̀ gan-an. Ohun tí wọ́n bá yàn ni ọ̀wọ̀. Kí nọ́ọ̀sì bi wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹ̀yìn nọ́ọ̀sì ni nǹkan àkọ́kọ́ tí ilé àgbàlagbà ń bà jẹ́: kí ó má dá ènìyàn gbé, kó lo ẹ̀rọ ìgbéni, kó sì pe ẹnì kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì jìn. Wákàtí mẹ́rìndínlógún lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ń pè ní double, máa ń dùn lójú owó, pàápàá nígbà tí owó ilé ẹ̀kọ́ àbúrò bá ń dúró nílé. Kí ó má di àṣà. Ẹni tí oorun ń kùn kò lè ka 48 sí 48. Owó tó tọ́jọ́ jù wà nínú ẹ̀kọ́ tó ń sọ LVN di RN. Houston Community College àti San Jacinto College ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ó tó gba iṣẹ́ níbikíbi, kó wo Care Compare lórí ìkànnì Medicare, níbi tí ìjọba ti ń fún ilé kọ̀ọ̀kan ní ìràwọ̀ kan sí márùn-ún, tí àbájáde àyẹ̀wò wọn sì wà fún ẹni gbogbo. Bó bá débẹ̀, kó wá ìwé tó sọ iye nọ́ọ̀sì àti CNA tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Òfin ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ síbi tí ojú ti lè rí i. Kó béèrè orúkọ RN tí òun yóò pè lóru, kó béèrè bóyá ẹ̀rọ ìgbéni ń ṣiṣẹ́. Bí ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò ò bá lè sọ iye àgbàlagbà tó máa ń wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan lóru, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì lọ wo ilé mìíràn; àwọn tó ń wá LVN ní Houston ò ṣọ̀wọ́n.