Ẹ Ṣọ́ra Kí Ẹ Tó Gé Ìrókò Orí Ilẹ̀ Yín

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ilẹ̀ láti Agric ní Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Kí kátápílà tó wọlé, ẹ wo ohun tó dúró lórí ilẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ ìrókò, ẹ má jẹ́ kí agégẹdú fi "a ó gbin òmíràn" tù yín nínú.

Ìrókò kò rọrùn láti gbìn padà. Akọ ìrókò wà, abo wà. Abo nìkan ló ń so. Bí ẹ bá gé akọ tó wà ládùúgbò tán, àgàn ni abo tó kù. Àdán ló ń jẹ èso rẹ̀ lóru, tó ń gbé hóró rẹ̀ kiri. Èyí tó bá sì ráyè hù, kòkòrò kan ń dúró dè é, Phytolyma ni wọ́n ń pè é. Inú ewé tútù ni ọmọ rẹ̀ ń wọ̀. Ewé á wú, á ta kókó, kókó á bẹ́, ọ̀mùnú á jẹrà, igi kékeré á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti orí wálẹ̀. Kòkòrò yìí ló ba oko ìrókò jẹ́ mọ́ àwọn onímọ̀ igbó lọ́wọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ẹ wo igbó ọba Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí kò jìnnà sí Ẹ̀pẹ́, tí erin ṣì wà nínú rẹ̀. Láti 1925 ni ìjọba ti yà á sọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ igi fún ilé-iṣẹ́ pépà Ìwópín, igi mèlínà ni wọ́n gbìn síbẹ̀ rẹpẹtẹ. Mèlínà ń yára dàgbà lóòótọ́, àmọ́ kò lè rọ́pò ìrókò.

Ẹ̀rù Olúwéré, ẹ̀mí tí wọ́n gbà pé ó ń gbé inú ìrókò, tó ń dá àwọn baba wa dúró láti gé e, ti kúrò lọ́kàn ọ̀pọ̀ wa. N kò ní kí ẹnikẹ́ni padà máa bọ igi. Ṣùgbọ́n òfin wà: ní ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ LASPARK, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọgbà àti igi, kí ẹ tó gé igi. Kì í ṣe ìrókò nìkan; igi ọ̀gànwó àti igi apá náà ń fẹ́ ìṣọ́: ní 2022, CITES, àdéhùn àgbáyé lórí títa ẹranko àti igi, fi wọ́n sára àwọn igi tí wọn kò gbọdọ̀ tà kọjá ààlà láìsí ìwé àṣẹ.

Ẹ̀yin káfíńtà, ẹ béèrè ibi tí pákó ti wá kí ẹ tó sanwó. Ẹ̀yin onílé, bí ẹ̀ka bá ń halẹ̀ mọ́ òrùlé, ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́ ẹ̀ka. Ẹ fi igi sílẹ̀. Kí ẹni tó ń ya àwòrán ilé yín sì ya ìrókò náà sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.