Ẹ̀kọ́: Ìlà funfun lójú títì

Ọ̀nà ńlá tí ó ti Kútọnu wá gba Bohicon àti Ṣábẹ̀ dé Paraku, ó sì lọ títí dé Malanville. Àwa tí a ń ru iṣu lọ sí ọjà Arzèkè gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń sọdá títì.

Kí ni ìlà funfun?
Ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà sọdá ni. Bí ẹlẹ́sẹ̀ bá ti wà lórí rẹ̀, awakọ̀ gbọ́dọ̀ dúró. Òfin ni, kì í ṣe àánú. Ṣùgbọ́n ọ̀dà funfun kò lè dá ọkọ̀ dúró. Ọkọ̀ tí ó ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan ń lọ tó mítà 14 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹni tó ru ẹrù kò lè yẹra fún un.

Kí ni iṣẹ́ ọlọ́pàá?
Láti ọdún 2018, Police Républicaine ni ó ń ṣọ́ ìlú àti abúlé ní Bẹ̀nẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá wà ní oríta, ọwọ́ rẹ̀ ni kí a wò:
1. Ó gbé ọwọ́ kan sókè: kí gbogbo ènìyàn dúró.
2. Ó na apá méjèèjì, ó kọjú tàbí ó kẹ̀yìn sí wa: kí a dúró.
3. Ó na apá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni a ń rí: ó kàn wá láti kọjá.

Ọlọ́pàá lè bu owó ìtanràn fún awakọ̀ tí ó kọ̀. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kò lè wà níbi gbogbo. Bí kò bá sí níbẹ̀ ńkọ́?

Bí a ó ṣe sọdá
1. Ẹ dúró létí títì. Ẹ di ọwọ́ ọmọ mú.
2. Ẹ wo òsì, ẹ wo ọ̀tún, ẹ tún wo òsì. Ọwọ́ ọ̀tún ni ọkọ̀ ń gbà ní Bẹ̀nẹ̀, nítorí náà òsì ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti ń bọ̀.
3. Ẹ dúró títí táyà ọkọ̀ yóò fi dúró. Kàmíọ̀ lè dúró, kí zémijan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ yọjú wò kí ẹ tó kọjá.
4. Ẹ rìn tààrà. Bí iṣu bá já bọ́, ẹ fi sílẹ̀. Iṣu ṣe é rà lọ́jà, ẹ̀mí kò ṣe é rà.

Bí ọkọ̀ bá gbá ènìyàn, ẹ má lu awakọ̀, ẹ má sì gbé ẹni tó fara pa sórí zémijan. Ẹ pe panápaná: 118.

Ìbéèrè
1. Kí ló dé tí a fi ń kọ́kọ́ wo òsì?
2. Bí ẹnì kan bá pàtẹ ọjà sórí ìlà funfun ní àdúgbò yín, kí ni ẹ ó sọ fún un?