Ẹ̀rọ Tí Ń Wo Ewé Ẹ̀gẹ́

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé wa, ẹni tí ń gbé Adéníji Adélé lè máa jẹ ẹ̀bà lójoojúmọ́ kí ó má sì tíì fojú kan oko ẹ̀gẹ́ rí. Síbẹ̀, bí àrùn bá wọ oko náà, owó gàrí ní ọjà Ìsàlẹ̀ Èkó yóò sọ fún wa.

Àrùn mòsáíkì jẹ́ ọ̀tá ẹ̀gẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ewé a ní àbàwọ́n, a sì ká kò. Eṣinṣin funfun tíńtín ní ń gbé e kiri, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ pàápàá a máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ín, bí ó bá gé igi tí ó ní àrùn láti fi gbin oko tuntun. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a tètè dá a mọ̀.

Ní 2017, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà àti láti IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, gbé ìwádìí kan jáde. Àwòrán ewé ẹ̀gẹ́ 2,756 tí a yà ní Tanzania ni wọ́n fi ṣiṣẹ́. Lójú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ni àwòrán: ó ń sọ bí àwọ̀ ṣe rí ní ojú kéékèèké kọ̀ọ̀kan. Onímọ̀ á kọ orúkọ àrùn sí àwòrán, ẹ̀rọ á dáhùn. Bí ó bá ṣì í, a ó tún ìṣirò rẹ̀ ṣe, léraléra.

Ìdánwò ló kàn. Ẹni tí ó ti rí ìbéèrè ṣáájú kò ṣe ìdánwò. Nítorí náà, àwòrán tí ẹ̀rọ kò rí rí ni wọ́n fi dán an wò. Èyí tí ó ṣe dáadáa jù gba nǹkan bí 93 nínú 100. Irú iṣẹ́ yìí ló bí Nuru, ohun èlò orí fóònù tí ń ṣiṣẹ́ nínú oko láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ní èdè Swahili ni ìmọ́lẹ̀.

Ẹ kíyèsí ohun méjì. Èkíní, ẹ̀rọ ṣì ń ṣìnà, ewé Tanzania nìkan kò sì tó láti fi kọ́ ọ ní ti ewé oko Ẹ̀pẹ́ tàbí Ọ̀yọ́. Èkejì, kò mọ òtítọ́ fúnra rẹ̀. Orúkọ tí ènìyàn bá kọ sí àwòrán ni yóò gbà gbọ́. Bí akọ̀wé bá fi ìwà ọ̀lẹ kọ ọ́, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni àṣìṣe náà yóò bá lóko.

Ọlọ́run fi Ádámù sínú ọgbà láti máa ro ó, lẹ́yìn náà ni Ó kó ẹranko wá fún un láti sọ wọ́n lórúkọ. Iṣẹ́ méjèèjì náà ṣì ń bẹ nílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa ohun abẹ̀mí àti kọ̀ǹpútà, ẹ má ṣe ya ìwé méjèèjì nípa. Oko ń dúró dè yín.